Ilé Igba Ó Lé Méjìlá Dáhùn Pé Rárá

Ernest Odùbánjọ fa orúkọ rẹ̀ yọ kúrò nínú ìjábọ̀ Ibùdó Kẹta ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 1984. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé kọkànlélógójì, ó fi rúlà fa ìlà pupa kan gba orí ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀ kọjá, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà sórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀, Ẹnjiníà Frederick Ọ̀ṣínọ̀wọ̀, ní ọ́fíìsì Àjọ ìjọba tó ń bójú tó iná mànàmáná, ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀la ni àwọn òyìnbó tí yóò kọ́lé sí Ibùdó Kẹta ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ wo ìlà pupa náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í wò ó.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Bí orúkọ rẹ kò bá sí lójú ewé yìí nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù lọ́la, kò ní sí níbi kankan nínú Àjọ yìí mọ́. Ọdún mọ́kànlá, Ernest."

"Mo gbọ́, sà."

"O sì tún jókòó."

"Ẹ kò tíì ní kí n máa lọ, sà."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìjábọ̀ náà wà fún: bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bá mì, báwo ni yóò ṣe le tó? Ibùdó Kẹta ni orúkọ tí Àjọ sọ ilẹ̀ kan níhà gúúsù Ìbẹ̀fùn, ní ọ̀nà ọ̀sà, níbi tí ìjọba ń gbèrò láti kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì sí. Ìkòkò irin ńlá kan ni yóò wà láàárín ilé náà. Iná tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe iná igi tàbí ti epo tí ènìyàn lè bu omi pa. Bí ilẹ̀ bá mi ògiri rẹ̀ ju bí a ṣe mọ ọ́n láti gbà lọ, tí páìpù omi tó ń tù ú bá já, oró tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò jáde síta, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa fẹ́ sí àríwá. Ìbẹ̀fùn ni yóò kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn Ìbẹ̀fùn, Ìjẹ̀bú-Òde ni, níbi tí ìyá Ernest àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń gbé.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Ernest sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ojú ewé kọkànlélógójì.

Oṣù Kejì ọdún 1981 ni ó ṣe ìwádìí náà. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní agbègbè náà tó tíì kọ ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀ rí, nítorí náà ìrántí àwọn àgbà nìkan ni ó kù láti lò. Ernest jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ó sì tún jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé. Ọ̀dọ̀ baálé ni a ń gbà wọlé. A ó kí i, a ó jókòó, a ó sọ ohun tí a bá wá, òun ni yóò sì dáhùn fún gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìmùṣin àti ní Ìbẹ̀fùn, ilé igba ó lé méjìlá. Ìbéèrè náà kò yí padà: "Ǹjẹ́ ilẹ̀ ti mì rí ní ìlú yìí, lójú yín tàbí lójú àwọn tó bí yín?"

Gbogbo wọn ló ní rárá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Sàlàkọ́ ti Ìbẹ̀fùn, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní òun kò rí ohun tó ń mì ní Ìbẹ̀fùn ju eyín òun lọ.

Ernest kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: kò sí ìmìtìtì ilẹ̀ tí a mọ̀ ní agbègbè yìí láàárín ọgọ́rin ọdún. Orí gbólóhùn náà ni àwọn ẹnjiníà gbé ìṣirò wọn lé. Wọ́n ní kí ògiri lè gba agbára tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú ogún ìwúwo ara rẹ̀, ó tó. Ká ní Ernest kọ ọ́ pé ilẹ̀ ti mì nítòsí ibẹ̀ rí, ìdá kan nínú márùn-ún ni wọn ì bá bèèrè, tàbí kí wọ́n pa ibẹ̀ tì pátápátá. Wọn kò pa á tì. Wọ́n ya àwòrán ilé náà fún ọdún mẹ́ta.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì.

Ernest wà nídìí tábìlì ìyá rẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ìró ni ó kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí lọ́rì akẹ́rù bá ń gòkè lójú títì, àfi pé ìró náà kò wá láti ojú títì. Abẹ́ ilé ló ti wá. Tábìlì sún. Páànù orí ilé dún láti igun kan dé èkejì. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, àwọn àwo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, wọ́n ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ó dìde, ó di etí tábìlì mú. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn nígbà náà kì í ṣe àdúrà. Nọ́ńbà ni: ìdá kan nínú ogún.

Ìyá rẹ̀, Rachel, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù náà kí ó má baà ṣí.

"Jókòó, Bóyè," ó ní; orúkọ tó ń pe Ernest nílé nìyẹn. "Yóò lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ní ìta, àwọn ènìyàn ti ń pe ara wọn láti ilé sí ilé.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Ilẹ̀ ló mì."

"Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kíákíá bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti mì rí."

Ernest jókòó. 

"Ẹ kò sọ fún mi rí."

"O kò bi mí rí."

"Mọ́mì, mo gbé fọ́ọ̀mù wá sínú ilé yìí."

"O gbé e wá. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni, mo rí i lórí ìwé. O jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, jókòó sí ibẹ̀ yẹn. Mo gbé omi wá fún yín, mo gbé bisikíìtì wá, mo padà sí kíṣìnnì. O bi bàbá rẹ, bàbá rẹ sì dá ọ lóhùn. Ṣé kí n wá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọkọ mi níwájú ìjọba ni?"

Rachel sọ ìtàn náà fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1939 ni wọ́n gbé e níyàwó. Nígbà tí Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú, dé lọ́dún náà, ìyàwó tuntun ni ó ṣì jẹ́. Ní ọjọ́ tí àwọn Alágẹmọ bá ń rìn wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti ìlú wọn, obìnrin kò gbọ́dọ̀ fojú kàn wọ́n. Inú ilé ni gbogbo obìnrin ń wà, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a ti fèrèsé, wọn a tan fìtílà. Ìjọ kò mú ìyẹn kúrò.

"Pásítọ̀ ní kí a má bẹ̀rù," Rachel ní. "Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ ti fèrèsé tirẹ̀."

Àwọn obìnrin mẹ́fà ni wọ́n wà nínú yàrá kan. Wọ́n gbọ́ ìró náà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀ mì, omi dànù nínú ìkòkò, àwo tánganran méjì jábọ́. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ohun tó wá sọ́kàn gbogbo wọn ni pé Alágẹmọ ló ń kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ láti kékeré pé ẹrù náà wúwo. Ohun tí obìnrin bá sì gbọ́ lọ́jọ́ Agẹmọ, inú rẹ̀ ni yóò kú sí.

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá rẹ wà níta pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń kọrin. Kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó wọlé, ó bèèrè ẹni tó fọ́ àwo. Mo ní èmi ni."

Ernest ti àwo ìkọ́kọrẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn tuntun ní Àjọ: bí ilẹ̀ bá mì níwọ̀nba, ẹni tó jókòó sínú ilé ni yóò mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń rìn níta kò ní mọ̀. Àwọn tó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rọ tí òun ń wá káàkiri. Obìnrin ni gbogbo wọn. Ó sì ti lọ sí ilé igba ó lé méjìlá lọ bi àwọn tó wà níta.

Ó ṣì ń wá ọ̀nà láti má gbà á gbọ́. Ìyá kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, ó fi ọkọ̀ Píjò Àjọ gbé Rachel lọ sí Ìbẹ̀fùn, sí ilé Bàbá Sàlàkọ́.

Bàbá náà ń gé ewé kòkó gbígbẹ kúrò lẹ́yìn ilé. Ó mọ Ernest lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ Òde. Ṣé o tún gbé bébà rẹ dé?"

"Mo gbé e dé, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó yín ni a fẹ́ kí."

"Èmi tí mo ni ilé, ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́?"

"Ẹ ti bá wa sọ tiyín, Bàbá. Ẹ ní eyín yín ló ń mì."

"Ó ti bọ́," Sàlàkọ́ ní, ó la ẹnu fún un láti wò. "Ẹ wọlé. Àmọ́ bí ó bá sọ fún yín pé mo ti lù ú rí, irọ́ ni."

Fàtímọ̀, ìyàwó Sàlàkọ́, ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó kí Rachel dáadáa, ó tẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Agẹmọ, ó wo Ernest, ó sì pa ẹnu mọ́. Rachel dá ọmọ rẹ̀ lóhùn kí ó tó bèèrè ohunkóhun.

"Jáde, Bóyè. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni."

Ó jáde. Sàlàkọ́ ní kí ó wá wo kànga, wọ́n sì ń rìn lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ó sọ fún Ernest bí àwọn ènìyàn ṣe sáré jáde ní Sátidé tó kọjá, bí òun kò ṣe sáré, nítorí pé orókún òun kò gbà. Ernest ń gbọ́ ọ pẹ̀lú etí kan. Wọ́n dé ìdí kànga, wọ́n yí padà. Wọn kò rí nǹkan kan, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n padà dé ojú ilé, àwọn obìnrin méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Fàtímọ̀ di ìborùn rẹ̀ mú lọ́rùn. Ojú Rachel ti yí padà.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" ni ó bèèrè.

"Kí ni, Mọ́mì?"

"Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo wo aago ọwọ́ mi. Àga tí mo jókòó lé gbọ̀n, omi inú abọ́ tí wọ́n gbé fún mi sì ń ya yíká yíká. Ó tó kí ènìyàn ka ení dé ẹ̀fà."

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín. "Àwa náà ṣáà wà lórí ilẹ̀ yìí kan náà. Tíṣà, ẹ̀rù Sátidé ló ṣì wà lára yín."

Ernest kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà ara rẹ̀. Òun tí ìjọba ń san owó fún láti mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá mì, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn lọ, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orókún. Ibi tí ó dúró sí kò jìnnà sí Ibùdó Kẹta ju máìlì mẹ́rin lọ.  Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì, ó sáré wo bébà ẹ̀rọ kékeré tí Àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀ lẹ́yìn ti Sátidé. Ìlà náà nà tọ́ọ́rọ́ láti òwúrọ̀. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó wárìrì.

Láti ọjọ́ náà, Rachel ló ń bèèrè, Ernest ló ń wa ọkọ̀. Rachel kò dárúkọ ilẹ̀ mímì fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fẹ́ gbọ́. Ohun tó ń bèèrè ni pé: níbo ni ẹ wà lọ́jọ́ Agẹmọ nígbà tí ẹ jẹ́ ìyàwó tuntun, kí ni ẹ rántí? Ó kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé ìkọ̀wé onílà, ó kọ orúkọ, ó kọ ìlú. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Mẹ́rìnlélógún ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìjẹ́ pé wọ́n mọ ara wọn. Àwọn kan sunkún lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́. Ọ̀kan ní òun ti rò fún ọdún márùnlélógójì pé òun nìkan ni nǹkan náà ṣe, pé bóyá òun ló ṣẹ̀.

Ernest fi ohun tí wọ́n sọ sójú máàpù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwo jábọ́. Ní Ìmùṣin, omi dànù, ìkòkò kan fọ́. Ní Ìbẹ̀fùn, ògiri alámọ̀ wó nílé mẹ́ta, omi kànga sì di ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Fàtímọ̀ sọ pé wọ́n ní àwọn ewúrẹ́ ló wó ògiri náà. Bí ó ti ń súnmọ́ ọ̀sà ni ó ń le sí i. Ernest fi pẹ́ńsù yí àwọn ibi tí mímì náà ti le bákan náà ká. Àwọn ìlà náà tẹ̀ kọrọdọ, bí ègé àwo tó fọ́, gbogbo wọn sì kọjú sí gúúsù. Ibi tí wọ́n kọjú sí ni àwọn ẹnjiníà ti fi yíńkì pupa sàmì sí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: Ibùdó Kẹta.

Ìwé ìkọ̀wé náà ni Ernest gbé fún Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ó ti fa ìlà pupa rẹ̀.

Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ ṣí i. Ó kà á bí ẹnjiníà ṣe ń kà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

"Ìyá rẹ ti di onímọ̀ ilẹ̀."

"Ó kọ́kọ́ jẹ́ tíṣà, sà."

"Wò ó, Ernest. N kò sọ pé irọ́ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń pa. Ilẹ̀ mì. Àmọ́ ilẹ̀ ibo? Ọdún 1939 ni o wí. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ilẹ̀ mì ní Àkíráà, ilé wó níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára dé Èkó. Ti Àkíráà ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ilé wa ní nǹkan kan."

"Ìbẹ̀fùn le ju Òde lọ, sà. Bí ó bá ti Àkíráà wá, bákan náà ló yẹ kí ó rí."

"Ilẹ̀ yanrìn ni ìsàlẹ̀ yẹn. Yanrìn a máa mì ju òkúta lọ, ibi yòówù kí ó ti wá. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo kọ́ mi."

Òótọ́ ni. 

"Alẹ́ ni ti Àkíráà," Ernest ní. "Ìyá mi ní ọ̀sán ni."

"Nínú ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, tí wọ́n tan fìtílà? Ta ló wo ojú ọ̀run?" Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ ṣí ewé mìíràn. Ó dúró. Ó ka ìlà kan, ó tún un kà. Ernest mọ ìlà náà. Nọ́ńbà kẹrìndínlógún ni: *Mọ́ṣádé Ọ̀ṣínọ̀wọ̀, Ìmùṣin. Ìkòkò fọ́.*

"O lọ bá ìyá mi."

"Ìyá mi ló lọ bá wọn, sà. Èmi wà nínú ọkọ̀."

"Kò sọ ọ́ fún mi rí."

Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ fi ìka tẹ ìlà náà.

"Kí ni ó sọ pé òun ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn dọ̀bálẹ̀ mọ́lẹ̀, sà, àwọn fi ikùn lé ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn pọ̀n yín sẹ́yìn. Ẹ kò tíì máa rìn."

Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ pa ìwé náà dé. Oṣù Kọkànlá ọdún 1938 ni wọ́n bí i. Ní Agẹmọ ọdún 1939, ọmọ oṣù méje tàbí mẹ́jọ ni; ọdún náà kò sí nínú àríyànjiyàn mọ́. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí Ernest. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọdún 1939 ni, mo gbà. Ọjọ́ wo? Agẹmọ kì í ní ọjọ́ kan pàtó lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ó lè bọ́ sí Oṣù Kẹfà, ó lè bọ́ sí Keje. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ni wọ́n wọ̀lú, ti Àkíráà ni, o ó sì dá orúkọ rẹ padà sójú ewé yìí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn…" Kò parí rẹ̀. "Ta ló kọ ọjọ́ náà sílẹ̀?"

Ìyá Ernest ni ó mọ̀ ọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí Rachel ti ń kọ́ni ní ọdún 1939 a máa ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí Agẹmọ bá wọ̀lú, nítorí pé kò sí ọmọ tí yóò lè jáde wá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní láti kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, nítorí àwọn alábẹ̀wò ìjọba. Ìwé ọdún náà wà ní yàrá ìkówèésí ìjọ, lábẹ́ àbójútó obìnrin kan tó ń jẹ́ Helen, tó ti jẹ́ ọmọ kíláàsì Rachel rí. Rachel lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Wọ́n rí ìwé náà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nínú àpótí kan tí omi òjò ti bá. Ojú ewé Oṣù Karùn-ún ṣeé kà. Ti Oṣù Kẹfà àti Keje ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tútù.

Ní Ọjọ́rú, àwọn òyìnbó mẹ́ta dé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n jókòó sí yàrá ìpàdé, wọ́n tẹ́ ìwé àdéhùn sílẹ̀. Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ kí wọn, ó jókòó, ó ṣí bírò rẹ̀, ó wo ìlà pupa ojú ewé kọkànlélógójì, ó sì tún dé bírò náà.

"Ẹ jẹ́ kí a sún un di aago mẹ́rin," ó ní.

Olórí wọn bèèrè bóyá wàhálà wà.

"Ọjọ́ kan ni a ń wá," Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ ní. Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó jáde wá bá Ernest ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, wọn kò wo ara wọn. Nígbà tí lọ́rì kan kọjá lójú títì, tí fèrèsé sì dún, àwọn méjèèjì di etí bẹ́ǹṣì mú.

"Lọ́rì ni," Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ ní.

"Lọ́rì ni, sà."

"Mo mọ̀ pé lọ́rì ni."

Helen ń fi ooru omi gbígbóná ya àwọn ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Rachel sì ń kà á sórí tẹlifóònù bí wọ́n ti ń ṣí. Ní aago méjìlá, wọ́n kọjá ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní Oṣù Kẹfà: ilé-ẹ̀kọ́ ṣí lójoojúmọ́. Ní aago méjì ààbọ̀, ọ̀sẹ̀ tó parí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún: ó ṣí lójoojúmọ́. Ewé tó tẹ̀lé e ya díẹ̀ nígbà tí Helen fi ọwọ́ kàn án, ó sì ní òun yóò dúró kí ó rọ̀ sí i.

Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tẹlifóònù dún. Ernest ló gbé e. Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ọ̀sẹ̀ tó parí ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹfà," Rachel ní. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin bí ti ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. "Ìdajì rẹ̀ ti ṣí. Ọjọ́ Ajé, ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣí. Ọjọ́rú, ó ṣí, ọmọ mọ́kàndínláàádọ́rin ló wá."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, Mọ́mì? Ọjọ́ kejìlélógún?"

"Ó ṣì lẹ̀ mọ́ra. Helen ní kí a má fà á."